Sísí Fótò àti Ìbejì Kọ́múrédì

Ọmọ ọmọ mi obìnrin bi mí léèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ṣé èèyàn lè fi iṣẹ́ fótò jẹun. Ó gbé fóònù dání, ó ti ya èmi àti àwo ẹ̀bà mi kí n tó fọwọ́ bọ omi. Mo ní kó jókòó. Ìyá rẹ̀ ń pè é láti ìta, mo ní kó máa pè. Bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ fótò létí mi báyìí, ara mi kì í gbà á mọ́, ẹnu mi á ṣáà máa lọ ni. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ yìí ní Àkúrẹ́. Mo ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ ìka ọ̀tún mi yìí ṣì máa ń tẹ afẹ́fẹ́ bí mo bá rí ojú tó wù mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, ẹ wá bá ọmọ ọmọ mi gbọ́ ọ, kí n má bàa tún un sọ.

Oǹdó ni mo ti kọ́ṣẹ́. Bàbá mi fẹ́ kí n di nọ́ọ̀sì, torí aṣọ funfun wọn wù ú. Ọjọ́ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni ọ̀rọ̀ yí padà. Onífótò kan ti Oǹdó wá, ó na kámẹ́rà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀, ó ti orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú, gbogbo àgbà tó ti ń pariwo látàárọ̀ sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá mi, tí kò sẹ́ni tó lè pa á lẹ́nu mọ́ nílé wa, dúró gbagidi bí ọmọ ilé ìwé. Mo ní irú agbára wo nìyí? Mo fẹ́ ẹ! Mo kọ oúnjẹ fún ọjọ́ méjì kí bàbá mi tó gbà. Bí onífótò yẹn ṣe gbà mí síṣẹ́ kò gùn: wọ́n gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti Bíbélì sílẹ̀, mo búra, ó parí.

Ọ̀gá mi ga, ó gbẹ, ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, kì í sì í rẹ́rìn-ín títí di ọjọ́ Kérésì. Kò sí aago nínú yàrá òkùnkùn wa. Orin la fi ń ka àkókò. Bí a bá ti ki fíìmù bọ inú oògùn, a ó mú orin ìsìn kan, ẹsẹ mẹ́rin, ní ìwọ̀n tí Ọ̀gá fi kọ́ wa. Bí ẹsẹ kẹrin bá ti parí, a ó yọ fíìmù. Èmi ẹ̀wẹ̀, inú mi máa ń yá jù. Bí mo bá ti rò ó pé ojú èèyàn ti ń jáde bọ̀ lórí fíìmù yẹn, orin á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lẹ́nu mi, ẹsẹ mẹ́rin á ti tán kí oògùn tó ríṣẹ́ ṣe. Fótò á jáde bàìbàì, Ọ̀gá á sì fi rúlà gbá mi níka. Àwọn ọmọ Oǹdó tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ará Àkúrẹ́ tó ń pe iṣẹ́ ní "uṣẹ́", níbo ni yóò ti rí sùúrù. Ọdún kan gbáko ni mo fi kọ́ bí a ṣe ń kọrin jẹ́ẹ́jẹ́.

Ẹ̀kọ́ tó le jù ni ti pẹ́ńsù. Láyé ìgbà yẹn, a máa ń fi pẹ́ńsù tó mú ṣóńṣó tún ojú èèyàn ṣe lórí fíìmù. A ó pa ìrorẹ́ rẹ́, a ó pa ìlà abẹ́ ojú rẹ́, àgbàlagbà á padà di ọmọge. Ṣùgbọ́n òfin Ọ̀gá ni pé pẹ́ńsù kò gbọdọ̀ kan ilà ojú, kò sì gbọdọ̀ kan àpá. Lọ́jọ́ kan, mo pa àpá kan rẹ́ níwájú orí àgbẹ̀ kan, mo rò pé mo ṣe é lóore. Ìyàwó rẹ̀ wá gba fótò, ó wò ó títí, ó ní ọkọ òun kọ́ nìyí, ó sì fi í sílẹ̀ lọ. Mo na ìka sílẹ̀ de rúlà. Ọ̀gá ò nà mí. Ó mú mi jókòó, ó ní, "Àpá kì í ṣe ìdọ̀tí. Ara ojú èèyàn ni." Látọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ló ń yẹ fíìmù mi wò, títí ọwọ́ mi fi mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀, tí pẹ́ńsù á dé etí àpá tí á sì yà kúrò láìjẹ́ pé mo rò ó.

Òun náà ló kọ́ mi ní fótò ìbejì. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, a kì í sọ pé ó kú, a ó ní ó lọ sọ́jà. Ìyá á mú èyí tó kù wá sí ṣọ́ọ̀bù, a ó yà á lẹ́ẹ̀mejì nínú aṣọ méjì, a ó wá tẹ fíìmù méjèèjì pọ̀ sórí bébà kan ṣoṣo. Wọ́n á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹni pé méjèèjì ló wá. Ọ̀gá ní iṣẹ́ àánú ni, kì í ṣe ẹ̀tàn, nítorí gbogbo ẹni tí a bá fi hàn ló mọ̀. Ìyá mọ̀, bàbá mọ̀, àlejò tó bá wọlé náà mọ̀.

Nígbà tí mo gba fírídọ́ọ̀mù, mo padà sí Àkúrẹ́, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù nítòsí Ọjà Ọba láàárín àwọn télọ̀, wọ́n sì ń pè mí ní Sísí Fótò. Ibẹ̀ ni Kọ́múrédì ti bá mi. N kò ní dárúkọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ kò rán mi níṣẹ́. Ọmọ Ìjù ni. Òun ló kó àwọn àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ jọ láyé ológun, tó ní kì í ṣe pé kí wọ́n tún ìjọba yẹn ṣe, kí wọ́n wó o lulẹ̀ ni, kí mẹ̀kúnnù fọwọ́ ara wọn kọ́ òmíràn. Ẹ̀yin ọmọ, bí ọkùnrin yẹn bá sọ̀rọ̀, irun ara mi á dìde! Mo yà á lórí àga, mo yà á lórí ọkọ̀ akẹ́rù, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ síta, èrò ń dá a lóhùn. Mo máa ń gbàgbé láti tẹ kámẹ́rà, èmi náà á ti máa pariwo.

Ẹ wá wo ọkùnrin yìí nílé o. Yàrá méjì ló háyà nítòsí ọjà. Tíṣà ni ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì là ń pè é, obìnrin kúkurú tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé fótò ìpàdé lọ sílé wọn, mo bá ẹni tí sọ́jà ń bẹ̀rù lórí ìkúnlẹ̀, ìbejì méjèèjì ń gùn ún bí ẹṣin, ìyàwó rẹ̀ sì ń bá a wí pé ó tún ti fún wọn lẹ́ran jẹ kí wọ́n tó jẹ iyán tán. Ó ń bẹ̀bẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín débi pé fótò já bọ́ lọ́wọ́ mi. Táyé àti Kẹ́hìndé lorúkọ wọn, obìnrin ni méjèèjì, wọ́n sì jọra tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ àpá kékeré kan lókè ojú òsì Táyé, níbi tó ti ṣubú lé ọlọ, la fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ilé yẹn ń dùn. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Ìyá Ìbejì sọ fún ọkọ rẹ̀ pé gbogbo ayé ló fẹ́ gbà là, ọjọ́ mélòó ló sì fi sùn nílé lóṣù náà. Ọkọ rẹ̀ dìde. Ó mú ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá yàrá, ibi tó ti gbá ló tún ń gbá. Obìnrin náà wò ó títí ẹ̀rín fi pa á. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń parí ìjà wọn. Ohun tí kò gbà láéláé ni pé kí n ya ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní bí ọlọ́pàá bá rí fótò ẹni tí òun fẹ́ràn, wọ́n á mọ ibi tí wọ́n á ti mú òun.

Ọ̀sán Sátidé kan ni wọ́n wá mú un. Wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n ọ̀nà jíjìn, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i àfi agbẹjọ́rò rẹ̀, òun ló ń bá wọn gbé lẹ́tà. Wọ́n gbé ìwé kan síwájú Kọ́múrédì: kó fọwọ́ sí i pé òun kọ ẹgbẹ́ àti ìjà rẹ̀ sílẹ̀, kó sì máa lọ sílé lọ́jọ́ kan náà. Ó kọ̀. Oṣù kẹta tó wà níbẹ̀ ni èéyi jà ládùúgbò wa. Ó mú ìbejì méjèèjì. Ara Táyé yá. Kẹ́hìndé lọ sọ́jà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí mo ṣe ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, Ìyá Ìbejì dé pẹ̀lú Táyé, ó kó aṣọ méjì sínú báàgì, ọ̀kan pupa, ọ̀kan aláwọ̀ sánmọ̀. Ó ní kí n ya fótò ìbejì. Mo bá a kẹ́dùn, mo sì bi í pé ara ògiri ibo ló máa gbé e kọ́ sí. Ó ní kì í ṣe ògiri. Kọ́múrédì ló fẹ́ fi ránṣẹ́ sí, kò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Mo gbé àga lé ilẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, wọn ò kọ́ mi ní fótò yìí kí n lè máa fi parọ́ fún bàbá ọmọ."

"Bó bá gbọ́, á fọwọ́ sí ìwé yẹn kó lè wá wo ibi tí a sin ọmọ rẹ̀ sí," ó ní. "Bó bá sì fọwọ́ sí i, kò ní lè gbé orí sókè láàárín èèyàn mọ́. Á máa rò pé òun ta gbogbo wọn. Mo mọ ọkọ mi, Sísí. Yà á."

Mo yà á. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Táyé nígbà náà. Ó wọ aṣọ pupa, mo tẹ̀ ẹ́. Ó bọ́ ọ, ó wọ aṣọ aláwọ̀ sánmọ̀, ó bi ìyá rẹ̀ pé ṣé kí òun ṣe ojú Kẹ́hìndé. Ìyá rẹ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ náà tẹ orí sápá ọ̀tún díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí èkejì rẹ̀ ti máa ń ṣe, ó wò mí. Omi bọ́ lójú mi lábẹ́ aṣọ dúdú yẹn. Síbẹ̀, n ó sọ òótọ́ fún yín, nígbà tí mo wọ yàrá òkùnkùn, iṣẹ́ náà wọ̀ mí lára. Mo so fíìmù méjèèjì pọ̀ débi pé ẹ ò lè rí ojú ìso. Mo fi pẹ́ńsù pa àmì ẹkún rẹ́ lójú ọmọ náà. Mo kọ orin mi, ẹsẹ mẹ́rin, jẹ́ẹ́jẹ́. N ò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, mo sì mọ̀. Agbẹjọ́rò gbé e lọ lọ́jọ́ kejì.

Ọjọ́ tó tẹ̀lé e ni mo gbé ẹ̀dà tó kù síwájú fèrèsé kí n lè fi yangàn fún ara mi. Yéè, mo gbé! Àpá wà lókè ojú òsì Táyé. Àpá kan náà wà lókè ojú òsì Kẹ́hìndé. Pẹ́ńsù mi ti tún ohun gbogbo ṣe lójú ọmọ náà, ó dé etí àpá, ó yà kúrò, bí Ọ̀gá ṣe kọ́ ọ. Mo sáré dé gáréèjì láìwọ bàtà. Ọkọ̀ agbẹjọ́rò ti lọ látàná, kí ni mo ń sáré wá? Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan níbẹ̀. Ìbejì tí bàbá yẹn fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ gbé, ṣé àpá ojú wọn ni kò ní dá mọ̀?

N ò lè wo ojú Ìyá Ìbejì. Mo di iṣu mẹ́fà, mo wọkọ̀ lọ sí Oǹdó, mo kúnlẹ̀ níwájú Ọ̀gá, mo rò ó fún un látòkèdélẹ̀. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní ọkàn mi ló parọ́, ọwọ́ mi kò gbà láti bá a parọ́, kí n lọ sọ fún ìyá ọmọ, kí n sì gbé iṣu mi dání bí mo bá ń lọ. Mo gbé e padà dé Àkúrẹ́. Ó ju ọdún kan lọ tí kò fi dáhùn ìkíni mi.

Mo pinnu láti sọ. Mo ti ń di gèlè mi kí n lọ bá a nílé nígbà tí Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ já wọ ṣọ́ọ̀bù, lẹ́tà lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti mú ọkọ rẹ̀. Kọ́múrédì ní fótò dé, ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí òun. Ó ní kí wọ́n bá òun kí Táyé, kí wọ́n bá òun kí Kẹ́hìndé. Ha! Mo jó láàárín àwọn télọ̀ débi pé wọ́n dá ẹ̀rọ dúró. Kò rí i! Mo gbé ọ̀rọ̀ mi mì. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń kọ lẹ́tà síra wọn bẹ́ẹ̀. Táyé a máa kọ tirẹ̀, á tún yí ọwọ́ padà, á kọ ti Kẹ́hìndé. Mo ya fótò méjì mìíràn, mo sì pa àpá rẹ́ lójú Kẹ́hìndé nínú wọn, ọwọ́ mi ń kọ̀, mo ń tì í. Kò sí lẹ́tà tí bàbá wọn kọ tí kò kí ọmọ méjèèjì. Kò sì fọwọ́ sí ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀ níbẹ̀, kí n sọ ti irinṣẹ́, kí ọmọ ọmọ mi má bàa ní òṣèlú ni mo sọ fún òun. Kámẹ́rà onígi mi lọ, kékeré tí à ń gbé kọ́ ọrùn dé. Fótò aláwọ̀ dé, wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó kọrin mọ́. Nígbà tí èyí tí kò ní fíìmù dé, ìgbéyàwó kan ní Ẹ̀sítéètì Ìjàpọ̀ ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ, ìdajì wákàtí ni mo fi ń ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò pé fíìmù dà. Ìyàwó ń rẹ́rìn-ín, àlùfáà ń rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Báyìí, fóònù ló gbòde. N ò bá a jà. Bí a bá ń gún iyán nínú ewé, tí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n padà síbi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé.

Ológun kan lọ, òmíràn dé, wọ́n sì tú àwọn tó wà látìmọ́lé sílẹ̀. Redíò ló sọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Gbogbo Ọjà Ọba hó! Àwọn télọ̀ fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, wọ́n bọ́ síta. Èmi ń fò sókè láàárín wọn nígbà tí mo rí Ìyá Ìbejì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ojú rẹ̀ gbẹ. Ọ̀la ni ọkọ rẹ̀ máa dé ilé bàbá rẹ̀ ní Ìjù. Ó ní, "Sísí, bó bá gbọ́ pé mo fi ọdún méjì parọ́ fún òun, ṣé á tún gba ọ̀rọ̀ kan gbọ́ lẹ́nu mi láyé?" Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní kí n gbé kámẹ́rà dání, kí n wá dúró ti òun.

Ìjù kún dẹ́nu lọ́jọ́ kejì. Ọkọ̀ ń fun fèrè, àwọn àgbẹ̀ gbé àdá àti ewé sókè, orin ń lu orin. Kọ́múrédì bọ́ sílẹ̀, ó ti rù, irun rẹ̀ ti funfun, mo sì pariwo orúkọ rẹ̀ títí ohùn mi fi há. Kò ṣe ìwàásù kankan. Ó la èrò kọjá, ó gbé Táyé sí èjìká, ó di ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó wọlé. Kò béèrè ohunkóhun. Àwọn àgbà ní kí wọ́n ya fótò ìdílé kí èrò tó wọlé dé, ọkùnrin tí kì í gbà tẹ́lẹ̀ sì gbà. Mo to àga. Ìyá Ìbejì ń wò mí bí ẹni pé kí n bá òun sọ ọ́.

Táyé ló sọ ọ́. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó sì mọ bí a ṣe ń ya fótò nílé wọn. Ó dúró síwájú àga, ó wo ìyá rẹ̀.

"Màámi, aṣọ ta ni kí n kọ́kọ́ wọ̀?"

Kọ́múrédì sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀ síwájú ọmọ rẹ̀. "Tìrẹ, Táyé," ó ní. "Tìrẹ nìkan."

Ìyá Ìbejì ṣubú lulẹ̀. Ọkọ rẹ̀ fà á mọ́ra níbi tó wà. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ tí fótò àkọ́kọ́ ti dé ọwọ́ òun, nítorí Kẹ́hìndé kò ní àpá.

"Kí ló wá dé tí ẹ ń kí i?" obìnrin náà bi í. "Ọdún méjì, Bàbá Ìbejì. Gbogbo lẹ́tà."

"O ń dá ẹrù yẹn gbé nítorí mi," ó ní. "N ò ní apá míì tí mo lè fi bá ọ gbé e níbẹ̀."

Ó wá gbójú sókè wò mí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo fi àpá náà sílẹ̀ kí òun lè mọ̀. Èmi Sísí Fótò, tí ẹnu mi kì í dákẹ́, n ò lè sọ pé àṣìṣe ni.

Táyé ṣì dúró. Ó ń wo àwọn méjèèjì lórí ilẹ̀. Ó bi bàbá rẹ̀ bóyá òun ò ní máa kọ lẹ́tà Kẹ́hìndé mọ́. Bàbá rẹ̀ ní rárá, ó ti tó, ó ṣeun. Ọmọ náà mí kanlẹ̀ bí àgbà tó sọ ẹrù, ó gun orí itan bàbá rẹ̀, ó sì ti sùn lọ kí n tó to ojú kámẹ́rà tán. Àwọn tó wà níta ń lu ilẹ̀kùn, àwọn àgbà ní kí a jí i, kí ìyá àti bàbá nu ojú wọn, kí fótò lè dára. Mo kọ̀. Mo yà wọ́n bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀, ìyá ń sunkún, bàbá ń sunkún, Táyé ń sùn.